Bí a ṣe ń wọn ìtura níta gbangba nílùú, láti ọyẹ́ títí dé ìgbà òjò

Lọ́sàn-án oṣù Ẹrẹ́nà, fóònù lè kọ ọ́ pé Ìbàdàn wà ní 33°C. Ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ní ọgbà Agodi wà nínú 33°C yẹn. Aláàárù tó ru àpò ìrẹsì la ọjà Bódìjà kọjá wà nínú rẹ̀ náà. Ọ̀kan ń tòògbé, ooru fẹ́ẹ̀ pa ìkejì. Àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ bíi NiMet máa ń gbé tẹmómítà wọn sínú àpótí funfun tó ní ihò lára, lókè koríko, níbi tí oòrùn kò ti lè bà á. Ooru inú ibòji ni wọ́n ń kà fún wa. Fóònù tiwa kò tilẹ̀ wọn nǹkan kan, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti gba nọ́ńbà rẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ètò ìlú àti ilé kíkọ́, fún ẹgbẹ́ ọlọ́jà tó fẹ́ gbin igi, àti fún òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó fẹ́ mọ ibi tí ibùdókọ̀ yẹ kó wà. Ìbàdàn ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ. Ará Abẹ́òkúta tàbí Òṣogbo lè lò ó bó ṣe wà. Ará Èkó ní láti ro ti afẹ́fẹ́ òkun mọ́ ọn.

Nǹkan mẹ́fà ló ń pinnu bí ìta ṣe máa rí lára èèyàn. Mẹ́rin jẹ́ ti àyíká: ìgbóná afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin, atẹ́gùn, àti ìtànṣán, ìyẹn oòrùn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ooru tí ògiri, títì ọlọ́dà àti páànù ń tú síni lára. Méjì yòókù wà lọ́wọ́ onítọ̀hún: aṣọ tó wọ̀ àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Lọ́sàn-án, ìgbóná afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ojú kan sí èkejì láàárín ìlú. Ìtànṣán ló ń yàtọ̀ gidigidi. Nítorí náà, ẹni tí owó rẹ̀ kò ju irinṣẹ́ kan lọ, èyí tó ń wọn ìtànṣán ni kó ní.

1. Ẹ yan ojú ibi tí ẹ máa wọ̀n

Ojú ibi márùn-ún sí mẹ́fà tó, bí wọ́n bá yàtọ̀ síra dáadáa: títì ọlọ́dà tí kò ní ibòji, abẹ́ igi ńlá, abẹ́ páànù ọjà, àárín ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì méjì tó sún mọ́ra, àti ibi koríko gbalasa. Ní Ìbàdàn, ẹ lè mú iwájú Ilé Awòṣífìlà ní Dùgbẹ̀, ìlà àwọn aláta ní Bódìjà, ibùdókọ̀ kan ní Ìwó Road, àti abẹ́ igi kan pẹ̀lú pápá koríko kan ní Agodi. Pápá koríko yẹn ni ojú àfiwé yín, ẹ ó máa wọ̀n ọ́n nígbà gbogbo.

Kẹ́ ẹ tó yọ irinṣẹ́ kankan, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wo àwọn èèyàn. Ìyá alátẹ tó ti pẹ́ nídìí ọjà mọ wákàtí tí oòrùn máa dé orí ìjókòó rẹ̀, ó sì ti mọ ibi tó máa sún àpótí rẹ̀ sí. Ẹ yàwòrán ibi náà sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi àmì sí ibi tí èèyàn jókòó sí, ibi tí wọ́n dúró sí àti ibi tí wọ́n ń sá fún, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ǹṣì tí kò sẹ́ni tó ń jókòó sí láti aago mọ́kànlá títí di aago mẹ́rin ti sọ tẹnu rẹ̀.

Ẹ jìnnà sí ẹnu jẹnẹrétọ̀ àti ìdí iná alákàrà, àyàfi tó bá jẹ́ pé ooru tí àwọn tó wà níbẹ̀ ń fara dà gan-an lẹ fẹ́ mọ̀.

2. Ẹ mú ọjọ́ àti wákàtí

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó. Ó kéré tán, ẹ lọ nígbà mẹ́rin: nínú ọyẹ́, láàárín Ọ̀pẹ̀ sí Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ooru mú jù, láti ìparí Èrèlé wọ Ẹrẹ́nà, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa ní Òkúdù, àti nígbà ìdákẹ́ òjò ní oṣù Ògún. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó fi Bélú kún un, nígbà tí òjò ti lọ tí ilẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ mú ọjọ́ mẹ́ta tó jọ ìgbà náà. Ọjọ́ tí òjò ṣàdédé rọ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn.

Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ni mo fọwọ́ sí: aago mẹ́jọ àárọ̀, ìgbà tí oòrùn bá dé góńgó, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àti aago mẹ́jọ alẹ́. Àwọn èèyàn máa ń fo ti alẹ́, bẹ́ẹ̀ alẹ́ ni ògiri àti títì ń tú ooru tí wọ́n ti gbà láti àárọ̀ jáde. Ìgbà náà sì ni ọ̀pọ̀ ọjà alẹ́ wa ń kún.

Aago méjìlá kọ́ ni oòrùn ń dé góńgó o. Aago Nàìjíríà ń tẹ̀ lé ìlà 15° ìlà-oòrùn, Ìbàdàn sì wà ní nǹkan bí 3.9°, torí náà ó máa ń tó nǹkan bí 12:45 kí oòrùn tó ga jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Bélú ó lè jẹ́ 12:28. Ní àárín Èrèlé, ó kù díẹ̀ kí aago kan lù. Ẹni tó bá ń wọn "ọ̀sán gangan" ní aago méjìlá géérégé ti ṣáájú oòrùn.

3. Irinṣẹ́

Tẹmómítà onínọ́ńbà tó ń ka ìgbóná àti ọ̀rinrin pọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ nílò. Ẹ má gbé e sínú oòrùn lásán, yóò ka ìgbóná ara rẹ̀ fún yín. Ẹ kó àwo rọ́bà funfun márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹ dà wọ́n dé, ẹ gé àárín wọn, àyàfi èyí tó máa wà lókè pátápátá, kẹ́ ẹ tò wọ́n léra pẹ̀lú àlàfo díẹ̀ láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gba inú wọn kọjá, kẹ́ ẹ wá fi tẹmómítà sáàárín.

Irinṣẹ́ ìtànṣán ni èyí tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe. Bọ́ọ̀lù táwọn ọmọdé fi ń gbá tẹ́nìsì orí tábìlì, èyí tó fẹ̀ tó mílímítà 40, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ lu ihò kékeré sí i, ẹ ti orí wáyà tẹmómítà wọ inú rẹ̀ títí tó fi dé àárín gbùngbùn, ẹ fi gọ́ọ̀mù dí ihò náà pa, kẹ́ ẹ wá fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú tí kì í dán kùn ún. Àwọn kan máa ń lo ọ̀dà dúdú. Níta, eérú sàn jù, torí bó ṣe ń gba oòrùn sára súnmọ́ bí aṣọ àti awọ èèyàn ṣe ń gbà á. Ẹ̀gbọ́n irinṣẹ́ yìí ni bọ́ọ̀lù bàbà dúdú oní-mílímítà 150 tó wà nínú ìwé ìlànà. Ìyẹn lọ́wọ́n, ó sì máa ń gbà tó ogún ìṣẹ́jú kó tó balẹ̀. Tiwa kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Fún atẹ́gùn, ẹ ra ẹ̀rọ alájùlù kékeré tó ń wọn ìyára atẹ́gùn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ dì mú. Bí kò bá sí, ẹ fi ojú wọ̀n ọ́n: bí èéfín bá ń lọ sókè tààrà, kò sí atẹ́gùn, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lójú tí ewé sì ń mì, ó wà láàárín mítà 1.6 sí 3.3 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ewé àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kò bá sinmi, tí àsíá kékeré sì nà tán, ó ti kọjá 3.4.

Tẹmómítà tí wọ́n ń nà sí nǹkan láti òkèèrè náà wúlò fún ilẹ̀ àti ògiri. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń nà síni níwájú orí nígbà kòrónà, ìyẹn kò lè ka ooru títì ọlọ́dà. Ẹ ra ti àwọn mẹkáníìkì. Ẹ sì ṣọ́ra pẹ̀lú páànù tuntun tó ń dán: yóò sọ fún yín pé òun tutù, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń dán kì í tú ìtànṣán ooru jáde bó ṣe yẹ, ti ojú ọ̀run ló ń dá padà sínú irinṣẹ́ yín. Ẹ lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn, ẹ dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ wá wọn orí téèpù náà.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ kó gbogbo tẹmómítà yín sínú yàrá kan náà kí ilẹ̀ fi mọ́. Èyí tó bá yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ẹ kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè yọ ọ́ tàbí kẹ́ ẹ fi kún un nígbà ìṣirò.

4. Ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹ so irinṣẹ́ mọ́ ọ̀pá ní ìwọ̀n mítà 1.1 sí ilẹ̀. Àyà àti ikùn ẹni tó dúró ni ìyẹn dúró fún. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pẹ́ nínú ọjà jókòó ni, torí náà ẹ tún wọ̀n ní mítà 0.6. Bí ilẹ̀ bá gbóná, ẹ ó rí i pé ẹni tó wà lórí àpótí ń jẹ ìyà tí ẹni tó ń kọjá lọ kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀lù balẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ wá máa kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá mìíràn. Ẹ má dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí òjìji yín á fi bo irinṣẹ́. Ẹ kọ bí ojú ọ̀run ṣe rí, bóyá kùrukùru bo oòrùn, bóyá títì ṣì tutù nítorí òjò. Wákàtí kan náà ni kẹ́ ẹ fi wọn gbogbo ojú ibi, kì í ṣe Dùgbẹ̀ ní aago méjìlá àti Bódìjà ní aago mẹ́ta. Bí ẹ kò bá pọ̀, ẹ pín iṣẹ́ náà sí ọjọ́ méjì tó jọra, pápá koríko wà nínú méjèèjì.

Nínú ọyẹ́, ẹ máa nu bọ́ọ̀lù, torí eruku á yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó ń fi aṣọ tútù di orí tẹmómítà láti mọ ọ̀rinrin ní láti máa rin ín nígbà gbogbo, á ti gbẹ kó tó yíjú. Ọ̀nà àtijọ́ yìí ṣì dára, bí ẹ bá ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Bí gbígbẹ bá jẹ́ 32 tí tútù jẹ́ 25, ọ̀rinrin ń lọ sí 57%. Bí gbígbẹ bá jẹ́ 30 tí tútù jẹ́ 19, ọyẹ́ ti dé nìyẹn, kò ju 34% lọ.

5. Ẹ tọpa òjìji

Ṣọ́ọ̀kì ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹ fa ìlà sí etí òjìji ilé tàbí igi, kẹ́ ẹ kọ aago sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí ni pé oòrùn kì í wà níhà gúúsù wa láti ọdún dé ọdún. Láti nǹkan bí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Igbe sí ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wẹ́wẹ̀, ìhà àríwá ló ń gbà kọjá lórí Ìbàdàn ní ọ̀sán. Ní Òkúdù, ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tó ga ní mítà méje kò ní òjìji ju mítà méjì lọ ní ọ̀sán gangan, síhà gúúsù. Ní Ọ̀pẹ̀, ilé kan náà ní òjìji mítà mẹ́rin lé díẹ̀, síhà àríwá. Ilé Awòṣífìlà tó ga tó mítà 105 ń bo nǹkan bí mítà 63 ilẹ̀ nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Igbe àti ìbẹ̀rẹ̀ Ọ̀wẹ́wẹ̀, orí àtàrí ni oòrùn wà, ògiri kò sì gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Igi tàbí òrùlé nìkan ló kù.

Torí náà, ìjókòó tí wọ́n gbé sí òjìji ilé nínú oṣù Ọ̀pẹ̀ lè wà nínú oòrùn gan-an nígbà tó bá fi máa di Òkúdù. Ní aago mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ń gbà wọlé, òrùlé tóóró kò lè dá a dúró. Ìdí nìyẹn táwọn ọlọ́jà fi ń ta àpò àti ọ̀já sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ìsọ̀ wọn.

Igi náà ní ìgbà tirẹ̀. Tíìkì ń wọ́wé nínú ẹ̀ẹ̀rùn, gẹ́lẹ́ nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Igi ọdán àti máńgòrò kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu pé ọdán làwọn baba wa ń gbìn síwájú ààfin àti sínú ọjà.

6. Ẹ bi àwọn èèyàn

Irinṣẹ́ kò lè sọ bó ṣe rí lára. Ẹ kí wọn bí ìgbà náà bá ṣe rí: ẹ kú ọjà, ẹ kú ooru, ẹ kú ọyẹ́, kẹ́ ẹ wá ṣàlàyé ohun tí ẹ wá ṣe. Ẹ má béèrè pé "ara yín ńkọ́?", torí "a dúpẹ́" nìkan lẹ máa gbà, ẹ kò sì ní rí i ṣírò. Ẹ béèrè pé: "Bí ibí yìí ṣe rí báyìí, báwo ló ṣe ń ṣe yín lára?" Kẹ́ ẹ ka ìdáhùn méje fún wọn:

−3: òtútù ń mú mi gan-an
−2: òtútù ń mú mi
−1: ó tutù díẹ̀
0: ó wà bó ṣe yẹ
+1: ó móoru díẹ̀
+2: ooru ń mú mi
+3: ooru ń pa mí

Lẹ́yìn náà: "Ṣé kó túbọ̀ tutù ni, àbí kó wà bó ṣe wà, àbí kó túbọ̀ móoru?" Ìbéèrè yìí kì í ṣe àsọtúnsọ. Nínú ọyẹ́, ẹnì kan lè sọ pé ó móoru díẹ̀ lára òun, kó sì ní kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Ẹ kọ aṣọ tí onítọ̀hún wọ̀ àti iṣẹ́ tó ṣe tán. Ìwọ̀n aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ṣòkòtò ń lọ sí 0.5 clo (ìwọ̀n bí aṣọ ṣe ń di ooru mọ́ra), ẹni tó wọ kóòtù odindi tó 1. Ẹni tó jókòó wà ní 1 met (ìwọ̀n ooru tí iṣẹ́ ń mú jáde lára), ẹni tó ń rìn geere wà ní nǹkan bíi 2.6, ẹni tó ń ru àpò kílò 50 wà ní 4. Nọ́ńbà yìí nìkan ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí wọ́n má fi ìdáhùn aláàárù pọ̀ mọ́ ti ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ jẹ́ kó tó ogún ìṣẹ́jú níta kẹ́ ẹ tó bi í. Ọgbọ̀n èèyàn ní ojú ibi kan ní ìgbà kan kò pọ̀ jù.

7. Ìṣirò

Láti inú ooru bọ́ọ̀lù, Tg, ooru afẹ́fẹ́, Ta, àti ìyára atẹ́gùn, v, lẹ ti máa rí ìwọ̀n ìtànṣán, Tmrt. D ni fífẹ̀ bọ́ọ̀lù, 0.04 mítà:

Tmrt = [(Tg + 273.15)^4 + (1.1 × 10^8 × v^0.6 ÷ (0.95 × D^0.4)) × (Tg − Ta)]^0.25 − 273.15

Ká ní nínú oòrùn, afẹ́fẹ́ jẹ́ 33, bọ́ọ̀lù 42, atẹ́gùn mítà kan ní ìṣẹ́jú-àáyá. Tmrt máa jẹ́ nǹkan bí 69°C. Lábẹ́ igi nítòsí ibẹ̀, ká ní afẹ́fẹ́ jẹ́ 32, bọ́ọ̀lù 34, atẹ́gùn kan náà: nǹkan bí 41. Tẹmómítà lásán rí ìyàtọ̀ ìwọ̀n kan ṣoṣo. Ara rí ìyàtọ̀ 28.

Ẹ wá kó gbogbo rẹ̀ sínú RayMan, ètò orí kọ̀ǹpútà tí Andreas Matzarakis ṣe ní Freiburg ní Jámánì, tó ń ṣírò PET, tàbí sínú ẹ̀rọ ìṣirò UTCI orí íntánẹ́ẹ̀tì. PET àti UTCI ń kó ìgbóná afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin, atẹ́gùn àti ìtànṣán pọ̀ di nọ́ńbà °C kan ṣoṣo tó ń sọ bí ìta ṣe rí lára. UTCI ń béèrè atẹ́gùn ìwọ̀n mítà mẹ́wàá sókè; ẹ fi 1.5 sọ èyí tí ẹ wọ̀n ní mítà 1.1 di púpọ̀. Nínú ìwọ̀n UTCI, 9 sí 26 kò ni ara lára, 26 sí 32 ń nira díẹ̀, 32 sí 38 ń nira gan-an, 38 sí 46 le ju ìyẹn lọ, ohun tó bá kọjá 46 jẹ́ ewu gidi.

Ẹ má fi ìwọ̀n yẹn dájọ́ láìbi àwọn ará ìlú. Ní ti PET, ibi tó tura fún àwọn ará Yúróòpù ni 18 sí 23°C. Nígbà tí wọ́n ṣe irú ìwádìí kan náà ní Taiwan, 26 sí 30 ni wọ́n rí. Ẹ to ìdáhùn àwọn èèyàn yín sí ìwọ̀n PET kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ààrin rẹ̀, ẹ fa ìlà gbà á kọjá. Ibi tí ìlà bá ti gé òdo ni ìtura tiwọn. Ẹ ṣe ti ìgbà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí 24°C tí ẹni kan ń fi kádígàn lé kiri ní oṣù Ògún, ní Ẹrẹ́nà ó máa dúpẹ́ tó bá rí i.

8. Bí ẹ ṣe máa ka èsì ní ìgbà kọ̀ọ̀kan

Láàárín Èrèlé sí Igbe, ẹ kọ́kọ́ wo Tmrt. Ibòji ló borí ohun gbogbo. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná ju awọ ara lọ, ìyẹn nǹkan bí 35°C, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ń kó ooru wá ni, àfi bí òógùn ṣe ń gbẹ ló ń tuni lára.

Ní Òkúdù, atẹ́gùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀rinrin ti pọ̀, òógùn kò gbẹ, ibi tí ìsọ̀ há mọ́ra máa ń gba +2 àti +3 bí oòrùn kò tilẹ̀ mú. Ìhà gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn òjò ti ń wá. Ẹ wo ohun tó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní oṣù Ògún, kùrukùru máa ń jẹ́ kí oòrùn àti ibòji fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹni tó bá wọn ìlú rẹ̀ ní Ògún nìkan á sọ pé kò sí ìṣòro.

Nínú ọyẹ́, àárọ̀ àti ọ̀sán ń tako ara wọn. Lágogo mẹ́jọ, àwọn èèyàn ń wá oòrùn yá, wọ́n sì ń sá fún atẹ́gùn àríwá-ìlà-oòrùn. Ní aago kan, wọ́n ti padà sábẹ́ igi. Eruku ń tú ìmọ́lẹ̀ káàkiri, torí náà ibòji kò nípọn tó ti Ẹrẹ́nà. Ibi tó dára jù ní ìgbà yìí ni èyí tó jẹ́ kí èèyàn lè yan èyí tó wù ú láìrìn jìnnà.

9. Bí wọ́n bá ti ṣe àtúnṣe

Òrùlé páànù tó rẹlẹ̀ ń dá oòrùn dúró, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń tú ooru sórí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀: ẹ wọn abẹ́ rẹ̀. Bí ó bá gbóná ju orí èèyàn lọ dáadáa, kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lókè fún afẹ́fẹ́, tàbí kí wọ́n ta ẹní tàbí pákó sábẹ́ rẹ̀. Omi wíwọ́n sílẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọyẹ́. Ní Òkúdù, ó ń fi ọ̀rinrin kún ọ̀rinrin ni. Igi tuntun kò ní yí nọ́ńbà padà fún ọdún bíi mélòó kan, kí wọ́n fi agboòrùn ńlá tàbí aṣọ títa dí àlàfo náà ní báyìí.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ padà lọ ní oṣù kan náà, ní wákàtí kan náà, pẹ̀lú irinṣẹ́ kan náà, kẹ́ ẹ sì wọn pápá koríko tí ẹ fi ń ṣe àfiwé lọ́jọ́ yẹn. Bí ọjà bá fi ìwọ̀n mẹ́rin tutù sí i, tí pápá koríko náà sì fi mẹ́ta tutù sí i, ìwọ̀n kan péré ni ti àtúnṣe náà, ojú ọjọ́ ló ni mẹ́ta yòókù.